Python lẹ 1500 mọ́ 800 dípò kó rò wọ́n pọ̀

Ọmọ Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mò ń kọ ètò kékeré kan ní Python 3, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, fún àwọn tó ń ta gàrí Ìjẹ̀bú. Ó ń béèrè owó kóńgò kan àti owó ọkọ̀:

`gari = input("Owó gàrí: ")`
`oko = input("Owó ọkọ̀: ")`
`print(gari + oko)`

Mo tẹ 1500 àti 800. Dípò 2300, 1500800 ló jáde. `gari * 3` fún kóńgò mẹ́ta sì gbé 150015001500 wá. Kò sí àṣìṣe kankan tó kọ síta. Níbo ló ti wọ́?

Ará Ṣágámù
Ohunkóhun tí èèyàn bá tẹ̀ sínú `input()`, ọ̀rọ̀ ni Python kà á sí, ìyẹn `str`, bó tilẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà nìkan ló wà níbẹ̀. Láàárín ọ̀rọ̀ méjì, iṣẹ́ àmì `+` ni láti so wọ́n pọ̀. `* 3` á tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdí nìyẹn tí kò fi pariwo. Ẹ kọ `print(type(gari))`, ẹ ó rí `<class 'str'>`. `print(gari)` lásán kì í fi àmì ọ̀rọ̀ hàn, òun ló ń tan ojú jẹ. `print(repr(gari))` á fi `'1500'` hàn yín.

Ẹ fi `int`, ìyẹn nọ́ńbà odidi, sọ ọ́ di nọ́ńbà látẹnu ọ̀nà: `gari = int(input("Owó gàrí: "))`. Bákan náà fún `oko`.

Olùkọ́ Ìkẹ́nnẹ́
Òótọ́ ni, àmọ́ `int()` nìkan kò tó fún ọjà. Bí ẹnìkan bá tẹ 1,500 tàbí ₦1500, `ValueError` ni, ìyẹn àṣìṣe pé ohun tó tẹ̀ kò ṣeé sọ di nọ́ńbà, ètò á dúró. Àlàfo iwájú tàbí ẹ̀yìn kò ṣe é ní nǹkan; kọ́mà àti àmì náírà ni kì í gbà. Ẹ kọ́kọ́ yọ wọ́n:

`gari = int(input("Owó gàrí: ").replace(",", "").replace("₦", ""))`

`int("1500.50")` náà á kọ̀. Tí kọ́bọ̀ bá wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi `float`, ìyẹn nọ́ńbà oní-désímà, ṣírò owó. `0.1 + 0.2` á fún yín ní 0.30000000000000004, torí 0 àti 1 ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà, ìdá kan nínú mẹ́wàá kò sì ṣeé kọ tán bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di kọ́bọ̀, kí 1500.50 jẹ́ 150050, kó sì wà ní `int`.

Ọmọ Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde
Ó ti bọ́ sí i, ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kí n sọ nọ́ńbà fóònù oníbàárà náà di `int`?

Ará Ṣágámù
Rárá o! Òdo iwájú á sọnù: `int("0801")` á di 801, nọ́ńbà fóònù oní-11 á sì di 10. Ti àkáǹtì báńkì náà rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní rò pọ̀ tàbí yọ kúrò, ẹ fi í sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀.

Olùkọ́ Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ tún yẹ ibi tí ẹ ti ń to owó wò. Bí ó bá ṣì wà ní ọ̀rọ̀, `sorted(["900", "1500", "12000"])` á fi 12000 síwájú, 900 sẹ́yìn, torí lẹ́tà àkọ́kọ́ ló ń wò bí ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹ fi `key=int` kún un.