Nǹkan funfun bí ìrẹsì lára ìgbẹ́ àwọn ọmọ ewúrẹ́ mi

Ìyá Ẹlẹ́ran, Kàbà: Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń rí nǹkan funfun bí hóró ìrẹsì lára ìgbẹ́ ọmọ ewúrẹ́ mi mẹ́ta. Láàárọ̀ àná, ọ̀kan yọ jáde lára èyí tó kéré jù, ó pẹlẹbẹ bíi téèpù télọ̀. Mo ti gún wọn lábẹ́rẹ́ ivermectin, kò lọ. Ọmọ mi ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀, ṣé kò ní ràn án báyìí?

Àgbẹ̀ Mọ̀pà: Ọ̀kun, ìyá. Aràn pẹlẹbẹ ni. Ivermectin ò lè ṣe é ní nǹkan kan, àwọn aràn tín-ín-rín bí òwú ló ń pa. Albendazole ni kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ wọn ẹran kẹ́ ẹ tó fún un. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún, ẹ má fún un o.

Ọmọ Ìsánlú: Omi ewúro ni mo fún tèmi. Ewúrẹ́ mu ún, aràn mu ún, àwọn méjèèjì wà láàyè 😂

Dókítà Ẹran: Ẹ kú wàhálà, ìyá. Moniezia là ń pè é. Ohun tẹ́ ẹ rí kì í ṣe odindi aràn, abala ara rẹ̀ tó kún fún ẹyin ló já bọ́. Orí rẹ̀ ṣì wà nínú ìfun, ó fi ìlẹ̀mọ́ mẹ́rin di ibẹ̀ mú. Kò ní ẹnu, kò ní ìfun tirẹ̀. Awọ ara ló fi ń fa oúnjẹ. Ó lè gùn ju mítà 2 lọ.

Ní ti ọmọ yín, ẹ fọkàn balẹ̀. Kòkòrò tíntín kan tó ń gbé nídìí koríko ló máa kọ́kọ́ jẹ ẹyin náà, ewúrẹ́ á wá gbé kòkòrò yẹn mì mọ́ koríko. Àwọn ìbátan aràn yìí ló ń mú èèyàn: Taenia saginata láti inú ẹran màlúù tí kò jinná, Taenia solium láti inú ẹlẹ́dẹ̀. Kó ṣáà máa fọwọ́.

Èyí tẹ́ ò rí ló ń kọ mí lóminú. Aràn pẹlẹbẹ kì í sábà pa ewúrẹ́. Ẹ yí ìpéǹpéjú wọn wò nísàlẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Haemonchus, aràn mìíràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn. Ìyẹn kì í hàn sójú nínú ìgbẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́ran, Kàbà: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. Ti méjì pọ́n dáadáa. Ti èyí tó kéré jù funfun bí ẹ̀kọ.

Dókítà Ẹran: Ẹ bu ìgbẹ́ rẹ̀ tó tutù sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ gbé ẹran náà lọ bá dókítà ẹran tó bá sún mọ́ yín. Lónìí ni o, ìyá.