"Ọ̀kan-sí-ọ̀kan" kọ́: mo dábàá "ẹlẹ́nìkan" àti "agbo"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n tó ń túmọ̀ ìwé ìléwọ́ ìlera fún àwa ará Ẹ̀pẹ́ bi wá pé kí ni kí òun pe ìdárayá tí olùkọ́ kan ń kọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí ni kí òun sì pe èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń ṣe. Àwọn kan dáhùn pé "ìdárayá ọ̀kan-sí-ọ̀kan" àti "ìdárayá ẹgbẹ́". Mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Létí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ọ̀kan sí ọ̀kan ni pé wọ́n ta ọ̀mì. Ìdíje ni irú "sí" bẹ́ẹ̀ ń mú wá sọ́kàn, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ ò bá ẹni tó ń kọ́ díje. "Ojúkojú" tí ẹlòmíràn mú wá kò yanjú rẹ̀: ogójì èèyàn tó jọ ń ṣe ìdárayá lórí pápá, ojúkojú ni wọ́n wà pẹ̀lú olùkọ́ wọn.

"Àdáni" ló kọ́kọ́ wù mí. À-dá-ní ni, ohun tí èèyàn dá ní. Fún wákàtí yẹn, ìwọ nìkan lo ni olùkọ́. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé àdáni ti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wa. Ẹ kọ "ìdárayá àdáni", òǹkàwé á rò pé ibi tí kì í ṣe ti ìjọba lẹ ń sọ. "Àdákọ́" ńkọ́? "Kọ́" kan náà la fi ń kọ́ni, òun la fi ń kọ́ṣẹ́. Àdákọ́ lè jẹ́ ẹni tí wọ́n dá kọ́, ó sì lè jẹ́ ẹni tó dá kọ́ ọ láìní olùkọ́ rárá, òdìkejì ohun tí à ń wá.

"Ẹlẹ́nìkan" ni tèmi. Ẹ dé ọ̀dọ̀ káfíńtà, ẹ ó gbọ́ àga ẹlẹ́nìkan, àga ẹlẹ́ni mẹ́ta. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé ó ṣeé nà: bí ọ̀rẹ́ méjì bá dáwó jọ gba olùkọ́ kan, ìdárayá ẹlẹ́ni méjì ti wà nílẹ̀.

Fún èyí tó kù, "agbo". Ẹgbẹ́ ní alága, ó ní owó tí wọ́n ń dá lóṣooṣù àti aṣọ. Agbo ò ní. Bí agbo ijó ló ṣe rí: ẹni tó bá dé á wọ̀ ọ́, ẹni tó bá rẹ̀ á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ariwo àwọn tó kù ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rọ̀. Kí ẹ sáà má fi àmì ohùn ṣeré, torí àgbo là ń mu, àgbò là ń pa nígbà Iléyá.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí lára. Agbo ni mo wà láràárọ̀ Sátidé tí orúnkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Bí mo bá lóṣòó, orúnkún mi méjèèjì ń yẹ̀ sínú, ta ló máa rí i láàárín ogójì èèyàn? Mo gba ti ẹlẹ́nìkan, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni olùkọ́ rí i. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé tó wà nínú ìwé Ẹ̀gbọ́n ni pé kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, bí ìrìn kíákíá, fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kó sì ṣe èyí tó ń mú iṣan le ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ti ìrìn kíákíá, agbo tó. Ti irin gbígbé, mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Gba ẹlẹ́nìkan fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí o tó wọ agbo." Ẹni tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo á kà á, kò ní béèrè ìtumọ̀.

Ohun tí a ó máa pe olùkọ́ ìdárayá ló kù. "Amárayá" dùn létí mi, àmọ́ ó jọ orúkọ oògùn. Ta ló ní òmíràn?