Àbọ̀: àkójọ Python tí kì í ṣófo ti yanjú

Mo béèrè ìdí tí fọ́ńṣàn mi (abala kóòdù tí a ń pè lórúkọ láti ṣe iṣẹ́ kan) nínú Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, fi ń da orúkọ tó ti gbà tẹ́lẹ̀ mọ́ tuntun. Ó ti yanjú. Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ ni pé kí n gé kóòdù náà kù títí yóò fi ku kìkì ibi tó ń dà mí láàmú. Bí mo ṣe gé e tán, òun nìyí:

`def fi_kun(oruko, akojo=[]):`

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Python ń ṣẹ̀dá `[]` yẹn, ìyẹn àkójọ òfìfo, nígbà tó bá dé ìlà `def`. Gbogbo ìgbà tí mo bá pe fọ́ńṣàn náà láì fún un ní àkójọ, àkójọ kan náà yẹn ló ń lò. Mo fi `akojo=None` (`None` túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀) rọ́pò rẹ̀, mo sì ń ṣẹ̀dá àkójọ tuntun nínú fọ́ńṣàn.

`print`, àṣẹ tó ń gbé nǹkan jáde sójú kọ̀ǹpútà, fi hàn pé àkójọ ń gùn sí i, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí. Ó ku àwọn fáìlì àtijọ́ tí mo ṣì ń yẹ̀ wò. Ẹ ṣeun gan-an.