Olùbáńkì kọ́, àpapọ̀ náà kọ́: èsì sí ìtumọ̀ ìtàn báńkì Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti pinnu pé n kò ní dá sí ọ̀rọ̀ kankan lóṣù yìí nítorí ojú tó ń dùn mí, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lọ́jọ́rú kò jẹ́ kí n sùn. Ìtàn ìjà tí àwọn ará Amẹ́ríkà jà lórí báńkì tí yóò máa tọ́jú owó orílẹ̀-èdè wọn ni wọ́n túmọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, "Olùbáńkì Àpapọ̀" ni wọ́n pe gbogbo báńkì tó wà nínú ìtàn náà: ti 1791, ti 1816, àti Federal Reserve ti 1913, èyí tó ń bójú tó owó wọn títí dòní. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ sì ń bẹ̀rù, ìyẹn "big government", "ìjọba ńlá" ni wọ́n pè é. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, n kò lè gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú olù kúrò lọ́nà. Olú ni, olù kọ́. Olù olóhùn ìsàlẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń bá rìn: olùkọ́, olùṣọ́, olùdarí, olùgbàlà. Ta ló rí ibi tí báńkì ti jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe rí? Olú olóhùn òkè ló ń bá ọ̀rọ̀-orúkọ gbé: olú ìlú, olú ilé-iṣẹ́. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá nílé-ẹ̀kọ́ girama, bírò pupa mi kò sì jẹ́ kí àṣìṣe yìí kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àmì kékeré kan ló sọ ilé owó di èèyàn.

Ká tiẹ̀ tún ohùn rẹ̀ ṣe kó di olú-báńkì, kò tíì tán. Olú ń sọ pé ó ní àwọn kan lábẹ́. Báńkì tí Alexander Hamilton, tó ń darí ètò owó ìjọba wọn, ṣètò ní 1791 kì í ṣe olórí báńkì kankan. Mílíọ̀nù 10 dọ́là ni owó ìdásílẹ̀ rẹ̀, ìdá kan nínú márùn-ún ni ti ìjọba, àwọn aládàáni ló ni ìyókù. Ó ń tọ́jú owó ìjọba, ó ń yá ìjọba lówó, ó sì ń yá àwọn oníṣòwò náà lówó. Ó ń bá àwọn báńkì tí ìpínlẹ̀ fún níwèé àṣẹ du oníbàárà, wọ́n sì kórìíra rẹ̀ nítorí ìyẹn pẹ̀lú. Ẹni tó ń bá ọ du oníbàárà, ṣé olú rẹ ni?

Wàyí o, àpapọ̀. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí la fi túmọ̀ "federal", ìyẹn ohun tí àwọn ìpínlẹ̀ jọ ní, àti "central", ìyẹn ẹyọ kan ṣoṣo tó wà láàárín. Ìjọba àpapọ̀ ni ti Àbújá, báńkì àpapọ̀ sì ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje 1959. Kò da nǹkan kan rú fún wa. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn ni wọ́n ti jà. Ní 1912, ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà wọn pé àwọn tako dídá "central bank" sílẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ 23 oṣù Kejìlá 1913, ààrẹ Woodrow Wilson tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan náà fọwọ́ sí òfin Federal Reserve. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Wọn kò dá ẹyọ kan sílẹ̀, báńkì 12 ni wọ́n dá sílẹ̀, láti Boston àti New York títí dé Dallas àti San Francisco. Àwọn báńkì tó wà ní agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ra ìpín nínú tiwọn, wọ́n wá fi ìgbìmọ̀ kan sí Washington láti máa bojú tó gbogbo wọn. Ìyẹn ni wọ́n fi lè sọ fún ará ìlú pé ohun tí àwọn ṣe kì í ṣe ohun tí àwọn tako.

Nínú ìtumọ̀ ẹ̀gbọ́n wa, ẹgbẹ́ náà tako "báńkì àpapọ̀" ní 1912, wọ́n sì dá "báńkì àpapọ̀" sílẹ̀ ní 1913. Ẹni tó bá kà á yóò ní òpùrọ́ ni wọ́n. Àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe olùtúmọ̀ ló yẹ kó dá ẹjọ́ yẹn fún òǹkàwé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, láìjẹ́ kó mọ̀ pé ẹjọ́ wà nílẹ̀.

Ẹ wo inú ọ̀rọ̀ náà: pa pọ̀. Ohun tí a bá pa pọ̀, a kì í rí ààlà rẹ̀ mọ́. Àpapọ̀ 7 àti 5 ni 12. 7 ti wọlé, 5 ti wọlé, kò sí èyí tí ẹ lè nawọ́ sí mọ́. Jọ kò rí bẹ́ẹ̀. A jọ lọ sóko, èèyàn méjì ṣì ni wá, oníkálùkù pẹ̀lú àdá tirẹ̀. A jọ ń gbélé, oníkálùkù ló ní yàrá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwọn baba wa kò sọ pé àpapọ̀ ọwọ́.

Ìyá ìyá mi ta gàrí ní Ọjà Ọba n'Íbàdàn. Ìrọ̀lẹ́ ni alájọ máa ń dé, á gba owó, á fa ìlà sórí káàdì. Bí oṣù bá parí, á mú owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀, á dá ìyókù padà. Mo bi ìyá àgbà nígbà kan pé ṣé ẹ̀rù kì í bà wọ́n kí owó wọn dà pọ̀ mọ́ ti ìyá eléèlùbọ́ lọ́wọ́ alájọ. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àjọ ni, kì í ṣe àdàpọ̀. Mo mọ tèmi níbẹ̀." Wọn kò mọ̀wé. Ohun tí etí wọn gbọ́ nínú jọ, àwa tí a mọ̀wé kò gbọ́ ọ mọ́.

Nítorí náà, Àjọpamọ́ ni mo fi síwájú yín fún Federal Reserve. Owó tí àwọn báńkì ń kó pamọ́ síbẹ̀ ni Reserve tó wà nínú orúkọ rẹ̀. Pa mọ́ wà níbẹ̀, jọ wà níbẹ̀, ó sì tẹ̀ lé àjọṣe àti àjọsọ láìfi ipá ṣe é. Arábìnrin wa tó ń gbé ní London ti kọ̀wé sí mi pé ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Kò burú. Ó sún mọ́ òtítọ́ ju olùbáńkì lọ. Òótọ́ ni pé òfin báńkì ti 1935 kó agbára púpọ̀ lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ Washington, ẹni tó bá sì sọ pé jọ ti ń di pọ̀ láti ìgbà náà, n kò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n orúkọ ọjọ́ ìkómọ là ń wá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé tí wọ́n sì bí èyí sí ní 1913, ilé tí wọn kò ti fẹ́ gbọ́ "central" sétí ni.

Ti 1791 àti ti 1816, ẹ pè wọ́n ní Báńkì Amẹ́ríkà Kìíní àti Ìkejì, bí àwọn òpìtàn Amẹ́ríkà ṣe ń pè wọ́n. Kò nílò ọ̀ṣọ́.

"Ìjọba ńlá" ńkọ́? Ńlá tí ẹ rí yẹn, oríyìn ló sábà ń gbé: èèyàn ńlá, iṣẹ́ ńlá. Ẹ̀sùn ni ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Thomas Jefferson, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, sọ fún ààrẹ George Washington ní 1791 pé agbára tí ìwé òfin ilẹ̀ wọn kò bá kọ sílẹ̀ fún ìjọba, ti ìpínlẹ̀ àti ti ará ìlú ni, ìwé náà kò sì dárúkọ báńkì. Hamilton ní ẹni tí a bá fún láṣẹ láti gba owó orí àti láti yáwó, a ti fún un láṣẹ láti wá irinṣẹ́ rẹ̀. Washington fọwọ́ sí i, fún ọdún 20. Nígbà tí ọdún náà pé ní 1811, ìbò ilé aṣòfin àgbà lórí bóyá kí wọ́n fi kún ọdún rẹ̀ di 17 sí 17, igbákejì ààrẹ, George Clinton, ló sì fi ìbò tirẹ̀ pa á. Ogun 1812 tí wọ́n bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà da owó ìlú rú, ààrẹ James Madison tó tako ti àkọ́kọ́ wá fọwọ́ sí ìkejì ní 1816. Ìpínlẹ̀ Maryland bu owó orí lé ẹ̀ka rẹ̀ ní Baltimore; ní 1819 adájọ́ àgbà John Marshall ní ìpínlẹ̀ kò lágbára bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó lè buwó orí léni lè fi pani run. Nínú gbogbo èyí, kì í ṣe bí ìjọba ṣe tóbi tó ló ń bí wọn nínú. Ọwọ́ rẹ̀ ni, ibi tó ń tì í bọ. Ìjọba atọwọ́bọgbogbo ni èmi ń pè é. Ó gùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tí yóò rò pé ìyìn ni.

Ohun kan tún wà tí n kò rí ẹni sọ ọ́. Jẹ ọba wà nínú ìjọba. Ààrẹ Andrew Jackson wọ́gi lé àtúnṣe ìwé àṣẹ Báńkì Kejì lọ́jọ́ 10 oṣù Keje 1832, ó ní àwọn olówó ń fi òfin ìjọba wá àǹfààní ara wọn. Ní 1833 ó bẹ̀rẹ̀ sí í darí owó ìjọba kúrò níbẹ̀ sí àwọn báńkì ìpínlẹ̀. Àwọn alátakò rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú adé lórí àti ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìwé òfin ilẹ̀, wọ́n pè é ní Ọba Andrew Kìíní. Ẹni tó ní òun ń gba ará ìlú lọ́wọ́ àwọn alágbára ni wọ́n dé ládé! Èdè wa lè gbé ibí yìí ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí ọba ti wà nínú ìjọba tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa fò ó. Wọ́n kọ "wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́", ó tán. Ó dùn mí gan-an.

Ẹni tó ní ọ̀kan náà ni pọ̀ àti jọ ní Ìjẹ̀bú, kó mú àpẹẹrẹ wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni ìyàwó mi, ó ní òun kò gbọ́ ọ rí.

Ibi kan wà tí mo ti fi ọwọ́ méjèèjì kí ẹ̀gbọ́n wa: "ọ̀dá owó" tí wọ́n lò fún rúkèrúdò báńkì ti 1837 àti ti 1907. Ó dùn létí, ó sì jẹ́ tiwa. Ṣùgbọ́n ní 1907, kí ọ̀dá tó dé, sísáré ló ṣáájú. Àwọn èèyàn tò síwájú àwọn ilé owó ní New York láti gba tiwọn kó tó tán, títí J. P. Morgan, olówó báńkì ńlá kan, fi pe àwọn olórí báńkì jọ sílé rẹ̀ kí wọ́n dá owó. Sísáré yẹn ni mò ń wá ọ̀rọ̀ fún. Ìyá àgbà ní orúkọ kan fún ọjọ́ tí ìròyìn bá dé ọjà pé alájọ ti sá lọ, tí gbogbo ìyálọ́jà sì ń fa aṣọ mọ́ra sáré lọ sílé rẹ̀. Mo ti gbàgbé rẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá tajà n'Íbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo, kó jọ̀wọ́ bá mi bi wọ́n léèrè.