Ọ̀pá sítíárìn kò wọ férémù mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Alùpùpù: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́ọ̀kì alùpùpù mìíràn ni mo fẹ́ gbé sára férémù mi, ọ̀pá sítíárìn rẹ̀, èyí tó ń gba ọrùn férémù kọjá kí fọ́ọ̀kì lè yí, ni kò wọlé. Bẹ́árìn 32005 ló wà lọ́rùn férémù, lókè àti nísàlẹ̀: inú 25 mm, ìta 47 mm. Ọ̀pá fọ́ọ̀kì yìí sì jẹ́ 30 mm. Ẹnì kan ní kí n gé ọ̀pá méjèèjì, kí n jó wọn pọ̀. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Tọ́nà: Àbúrò, má dán an wò! Tó o bá ti tẹ búrèékì iwájú, ọ̀pá yẹn ló ń gba ẹrù. Tó bá ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti jó o, ọwọ́ alùpùpù nìkan ló máa kù sí ọ lọ́wọ́. Fi pírẹ́ẹ̀sì yọ ọ̀pá tìrẹ kúrò nínú awo ìsàlẹ̀ (irin tó di ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì méjèèjì mú), kí o tẹ̀ ẹ́ wọ awo tuntun. Bí ihò bá tóbi jù, kí tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, gbẹ́ odindi ọ̀pá mìíràn fún ọ. Ṣùgbọ́n yẹ abẹ́ awo wò ná: òmíràn ní òrùka irin tó há ọ̀pá mọ́bẹ̀. Èmi ò wò ó lọ́jọ́ kan, awo là pọ́á lábẹ́ pírẹ́ẹ̀sì.

Aláriwo Ẹ́ńjìn: Bàbá, ẹ má bínú, pírẹ́ẹ̀sì ọ̀hún lè má pọn dandan. Bẹ́árìn 32906 jẹ́ 30 × 47: á jókòó sínú férémù, ọ̀pá náà á wọ inú rẹ̀. Àmọ́ 12 mm ló nípọn, 32005 jẹ́ 15 mm, nítorí náà ẹ máa nílò wáṣà 3 mm lábẹ́ èyí tó wà nísàlẹ̀, kí awo má baà máa ha férémù. Ẹ má gba 6906 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o. Òun náà jẹ́ 30 × 47, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù lásán ni, kì í ṣe tẹ́pà, èyí tí àwọn irin róbótó inú rẹ̀ tín-ín-rín lápá kan. Ẹrù tó ń ti òkè wá kọ́ ni iṣẹ́ ẹ̀.

Bàbá Tọ́nà: O káre. Ìyẹn ò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Ìyá Férémù: Gígùn ńkọ́? Tí ọ̀pá bá gùn jù, wáṣà á tán an. Tó bá kúrú, nọ́ọ̀tì ò ní rí ibi dì mú, ẹ padà sọ́dọ̀ tọ́nà nìyẹn.

Ọmọ Alùpùpù: Mo ti wọ̀n ọ́n, ó fi 6 mm gùn ju tèmi lọ. 32906 wọlé, kò mì! Àmọ́ tí mo bá yí i sósì tán, fọ́ọ̀kì ń gbá táǹkì epo.

Ìyá Férémù: Ohun tó ń dá awo dúró lára férémù ò bá ti tuntun mu ni. Lẹ irin kékeré mọ́ ọn. Ìyẹn lo lè jó.

Bàbá Tọ́nà: Tí férémù bá jẹ́ irin o. Kí o sì yọ bẹ́árìn kúrò kí o tó tanná.