Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí asẹ́ French press onírin

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo fẹ́ ra French press (ohun èlò ìpo kọfí tó ní asẹ́ tí a ń tẹ̀ sísàlẹ̀) onírin tí kì í dípẹtà láti fi rọ́pò onígíláàsì tí mò ń lò, nítorí pé irin kì í fọ́, èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ onípele méjì sì máa ń jẹ́ kí kọfí pẹ́ kí ó tó tutù.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó máa ń wọnú ife ni olórí ìṣòro mi. Mo máa ń lọ kọfí náà kí ó má kúnná, mo ń da omi gbígbóná mìlílítà 450 lé gíráàmù 30, mo ń dúró fún ìṣẹ́jú 4, mo sì ń rọra tẹ asẹ́ náà sísàlẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ṣì ń gba etí asẹ́ kọjá. Mo ti ro ti asẹ́ oníbébà, ṣùgbọ́n yóò gba òróró inú kọfí náà, bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà lójú tèmi.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé French press onírin tó ní asẹ́ méjì yóò dín gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà kù ní tòótọ́ ju èyí tó ní asẹ́ kan ṣoṣo lọ? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí yóò dá mi lóhùn.