Omi òjò àti irúgbìn tí a lè gbìn mọ́ àgbàdo

Àgbẹ̀ Ifẹ̀wàrà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi. Ilẹ̀ díẹ̀ ni èmi àti ìyàwó mi ń dá, àgbàdo nìkan ni a sì ń gbìn sí i. Bí òjò bá ti dá nínú oṣù kẹjọ, ewé rẹ̀ a máa ká jọ. A kò lówó kànga ẹlẹ́rọ. Kí ni a lè ṣe?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kú ìfaradà, sà. Bí òjò mìlímítà 10 bá rọ̀ sórí páànù tó fẹ̀ tó 40 mítà onígun mẹ́rin, omi tí yóò ṣàn wá sílẹ̀ yóò súnmọ́ lítà 400, bí ẹ bá fi gọ́tà darí rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù. Kò lè tó oko àgbàdo, ṣùgbọ́n ó wúlò fún ebè tẹ̀tẹ̀ bíi mélòó kan ní ẹ̀yìnkùlé.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Ní tèmi, oko gan-an ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ kọ ebè yín dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ kí àgbàrá má baà gbé ọ̀rá ilẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí irúgbìn. Ẹ gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo, nítorí pé ó ń ṣe ilẹ̀ lóore. Ẹ̀gẹ́ náà ń fara da ọ̀dá ju àgbàdo lọ.

Àgbẹ̀ Ifẹ̀wàrà:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé páànù tó ti ń dógùn-ún kò ní ba omi náà jẹ́, Ìyá?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀:
Kò burú fún ẹ̀fọ́. Omi tó bá kọ́kọ́ ṣàn ni kí ẹ dà nù, nítorí ìgbẹ́ ẹyẹ.